Tísà Ẹ-Dìde àti Bọ́ọ̀lù Ayé

Ẹni tó bá fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́, kó má yà sí kíláàsì Tísà Ẹ-Dìde. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ lórúkọ yìí, torí pé bí wọ́n bá ti kí i tán, kò ní jẹ́ kí ìdí ẹnikẹ́ni kan àga mọ́. Jọ́gíráfì ló ń kọ́ wọn. Ìgbàgbọ́ tirẹ̀ ni pé ẹni tó jókòó sójú kan kò lè mọ bí ayé ṣe ń yí. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ẹfun ṣọ́ọ̀kì kì í kúrò lára aṣọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún: bọ́ọ̀lù ayé. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ọ̀kan tó rẹwà, tó ń yí lórí irin, tí gbogbo òkun àti ilẹ̀ wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ló ń gbé, àpò ṣòkòtò ọ̀gá sì ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé. Gbogbo ìgbà tí Tísà bá bèèrè rẹ̀, èsì kan náà ni: "Àwọn ọmọ yẹn á fọ́ ọ." Ẹ gbọ́ ná, ṣé kí eruku lè kọ́ jọ́gíráfì ni wọ́n ṣe rà á?

Ohun tó bá wà nílẹ̀ ni Tísà fi ń kọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí wọ́n ti gbogbo fèrèsé. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì lé ọmọ tó ga jù lọ́wọ́, ó ní òun ni oòrùn. Ó mú òmíràn tó sanra díẹ̀, ó ní òun ni ayé, kó máa yí.

"Ibi tí iná bá kàn lára rẹ̀, ojúmọ́ ti mọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?"

"Alẹ́ ni, mà!"

Ayé yí títí, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú lu bẹ́ǹṣì. Ariwo ta. Kí wọ́n tó gbé ayé dìde, ọ̀gá àgbà ti dé. Ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé.

"Tísà, ilé-ẹ̀kọ́ nìyí àbí ilé eré?"

"Ọ̀gá, ẹ ṣáà yọ̀ǹda bọ́ọ̀lù ayé fún wa, ẹ ò ní gbọ́ ariwo mọ́."

"Lọ́la ni olùbẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ ń bọ̀. Bó bá bi àwọn ọmọ yìí ní ìbéèrè tí wọn ò mọ̀ ọ́n, ẹ máa fi kíláàsì yìí sílẹ̀, ẹ máa lọ tọ́jú àwọn àga tó wà ní sítọ́ọ̀. Òòyì kì í kọ́ àga."

Kò sí iṣẹ́ mìíràn tí Tísà fẹ́ràn láyé yìí. Bí ọ̀gá ṣe jáde, ó mú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tó wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀, ó sì pe ọmọ aránṣọ, ọmọbìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, tí téèpù ìyá rẹ̀ kì í kúrò nínú báàgì rẹ̀. Wọ́n wọn òkè bọ́ọ̀lù, wọ́n wọn ìsàlẹ̀, wọ́n wọn àárín. Àárín ló fẹ̀ jù.

"Agbedeméjì ayé nìyẹn," Tísà ní. Ó yẹ kó dákẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò gbà fún un. "Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ ṣáà rántí ọ̀gá." Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. "Ẹ má sọ ọ́ níta o!"

Wọ́n ní àwọn ò ní sọ ọ́. Lóòótọ́, ẹnì kankan ò sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn jókòó. Olùbẹ̀wò wọlé pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́, ọ̀gá àgbà tẹ̀ lé e.

"Níbo ni ayé ti fẹ̀ jù?"

"Ní agbedeméjì rẹ̀, sà!"

"Ẹnu lásán nìyẹn. Ta ló lè fi hàn mí?"

Tísà wo abẹ́ tábìlì. Bọ́ọ̀lù ò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn kan ti gbé e lọ gbá. Ọmọ aránṣọ bá dìde, ó fa téèpù yọ, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ó lọ dúró síwájú ọ̀gá àgbà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbọ́wọ́ sókè."

Ìyá ọmọ yìí ló ń rán ṣòkòtò ọ̀gá, ọmọ náà ló sì máa ń bá ìyá rẹ̀ di téèpù mú. Ọ̀rọ̀ ti di bárakú. Ọ̀gá ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kó tó rántí ibi tó wà. Ó tilẹ̀ fa ikùn sínú, bó ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ mí síta, sà. Ayé kì í fa ikùn."

Ó wọn àyà, ó ké iye rẹ̀. Ó wọn ìdí, ó ké ìyẹn náà. Nígbà tó dé àárín, díẹ̀ ló kù kí téèpù má ká a. "Agbedeméjì rèé, sà! Ó sì ti fẹ̀ ju ti ṣòkòtò tó kọjá lọ."

Olùbẹ̀wò fi fáìlì bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Tísà ti dijú. Lọ́kàn tirẹ̀, ó ti wà ní sítọ́ọ̀, ó ń nu àga, àánú ara rẹ̀ sì ṣe é.

"Tísà," olùbẹ̀wò ní nígbà tó rí ohùn sọ̀rọ̀, "ọmọ tó kọ́ ọ báyìí kò lè gbàgbé ẹ̀ láéláé."

Ọ̀gá sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó jáde. Nígbà tó padà dé, ó gbé bọ́ọ̀lù ayé sórí ikùn, ó rọra gbé e kalẹ̀ síwájú Tísà.

"Ẹ gba ayé yín," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí ikùn tèmi sinmi."

Tísà fọwọ́ méjèèjì gbà á, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ọ̀gá ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí Tísà fi kọjú sí àwọn ọmọ.

"Ó yá, ẹ dìde!"