Ẹja Tí Bàbá Kàfáyá Fi Ìyẹ́ Pa

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù Fàlílù ní Ojú Òrè, ẹ ó rí àga tí ó ń tún tìmùtìmù rẹ̀ ṣe, ẹ ó rí fóòmù, ẹ ó rí òwú. Ẹ ó tún rí ìyẹ́ àkùkọ tí ó kó sínú agolo mílíìkì, ẹ ó sì máa bi ara yín léèrè ohun tí ẹni tó ń tún àga ṣe ń fi ìyẹ́ ṣe.

Ẹja ló fi ń pa. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ kan ní Sango, òyìnbó ẹnjiníà kan níbẹ̀ ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ìyẹ́ mọ́ ìwọ̀ kó lè jọ kòkòrò tó bà sórí omi. Òyìnbó ti padà sílé tipẹ́, Fàlílù ò jáwọ́. Kì í fi ekòló pẹja. Ó ní ekòló kì í ṣe ọgbọ́n, oúnjẹ ni. Bó bá pẹja, kì í tà á, kì í sì í sábà jẹ ẹ́, ńṣe ló ń fún èèyàn. Ràfátù ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹja tó bá gbé ìyẹ́ adìyẹ mì, ayé ti sú u ni. Èmi Gbóyèga, tí mo ń tún fáànù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tirẹ̀, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwọ̀ títí etí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ di.

Nínú ààwẹ̀ Ràmàdánì tó kọjá, ó jẹ sààrì, ó kírun, ó sì gba odò kan lẹ́yìn Ìjù lọ. Ìgbà tó máa dé ṣọ́ọ̀bù, ńṣe ló ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó. Ó ní bí òun ṣe ń ju ìwọ̀ ni ẹja ń gbé e. Ó ní epìyà ń yọ ẹnu sókè omi, wọ́n ń du ìyẹ́ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ó ní òun ti wá mọ̀ ọ́n dì wàyí. Ó sọ fún mi, ó sọ fún oníbàárà, ó sọ fún ẹni tó kàn wá bèèrè ọ̀nà. Ó sì ti kó gbogbo ẹja náà fún Kàfáyá ọmọ rẹ̀ ní Ìjù nígbà tó ń bọ̀.

Kàfáyá lóyún. Ó pẹ́ tó ti ń wá a, èyí tó sì kọ́kọ́ ní bà jẹ́ lára rẹ̀. Torí náà bàbá rẹ̀ ò jẹ́ kó sinmi: jẹ ẹ̀fọ́, jẹ ẹja, má gbé omi, má gbààwẹ̀.

Lọ́sàn-án, Jìbírílù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń pẹja lódò kan náà, pè é. Mo rí bí ojú Fàlílù ṣe yí padà kó tó gbé fóònù kúrò létí.

"Jìbírílù ní òkú ẹja ti bo odò," ó wí. "Ó ní omi náà ń hó, ó ń rùn bíi kẹ́míkà. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó da nǹkan sí i. Gbóyèga, àwọn ẹja tó ń yọ ẹnu sókè yẹn, èémí ni wọ́n ń wá."

Ó pe Kàfáyá, fóònù ò lọ. Ó pe Tahir ọkọ rẹ̀, ìyẹn wà lẹ́nu iṣẹ́, kò gbé e. Mo gbé máṣíìnì mi jáde, mo ní kó gun ẹ̀yìn.

"Èmi ni mo ní kó sè é lójú ẹsẹ̀," ó ń sọ sí mi létí. "Mo ní kó má jẹ́ kó bàjẹ́. Èmi náà ni."

Tírélà kan dábùú títì, mo gba ẹ̀gbẹ́ gọ́tà kọjá. N kò ní parọ́, ohun tó bá ojú ti bá imú, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Mo fẹ́ kó dákẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó dákẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ bó ṣe ń mí, ìyẹn tún burú jù.

Ilẹ̀kùn Kàfáyá ṣí sílẹ̀. Ìkòkò ọbẹ̀ wà lórí sítóòfù. Ọmọ náà nà sórí ẹní, kò mira. Fàlílù ò bọ́ bàtà, ó wọlé tọ̀ ọ́, ó ń mì í léjìká, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Kàfáyá lajú, ó kọ́kọ́ wo bàbá rẹ̀, ó sì wò mí.

"Ṣé o jẹ ẹja yẹn?" bàbá rẹ̀ bi í.

Kàfáyá dìde, ó kúnlẹ̀ tòun ti oyún. "Bàbá, ẹ má bínú."

Mo di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ ní kí n má gbààwẹ̀, mo sì ń gbà á," ó wí. "Ọlọ́run tó fún mi lóyún yìí, mo ní kí n fi dúpẹ́ ni. Láti sààrì, mi ò tíì fẹnu kan nǹkan kan. Mo ti se ẹja náà, ìṣínu ni mo fẹ́ fi jẹ ẹ́."

Fàlílù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. N kò rí i kó sunkún rí. Kàfáyá rò pé òun ló bà á nínú jẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó rá lọ síwájú, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Bàbá, ẹ foríjì mí. Láti òní lọ, ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe ni n ó máa ṣe."

Fàlílù mi orí. "Rárá," ó wí. "Rárá, ọmọ mi. Ká ní o gbọ́ tèmi lónìí ńkọ́?"