Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Ìlera Ò Gbọdọ̀ Ṣàìsàn

Ọmọ mi kú sórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́bọ̀ kan, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ò tíì lù. Ó ti gun àjà mẹ́ta, ó ku ẹyọ kan kó dé ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa gbé èèyàn ròkè ti bàjẹ́ látọdún tó kọjá, ṣùgbọ́n yunifásítì wọn ò kúkú fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ pé gígun àtẹ̀gùn ń fún ọkàn lókun. Ọkàn ọmọ mi gba okun náà títí, ó dúró.

Ẹ̀yin ò tíì gbọ́ ohun tó gbé dání. Ìdì ìwé ni, èyí tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ káàkiri fún Ọ̀sẹ̀ Ìlera. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí i pé: Sinmi Kó Tó Rẹ̀ Ẹ́. Ìyá tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ló rí i. Ó ní àwọn ìwé yẹn fọ́n ká sórí àtẹ̀gùn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń yẹ ẹsẹ̀ kí wọ́n má baà tẹ ọ̀rọ̀ ìlera mọ́lẹ̀, kí ẹnì kan tó rántí wo ẹni tó gbé e wá. Ẹ ò rí i pé wọ́n ń kọ́ wọn dáadáa.

Iṣẹ́ olùkọ́ ti wà lára ọmọ yìí látilẹ̀. Kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ tó máa ń kó gbogbo bàtà ilé jáde, á tò wọ́n sí ìlà, á máa kọ́ wọn ní ìwé. Bàtà kan wà tí ìkejì rẹ̀ ti sọnù. Iwájú ló máa ń gbé e sí. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Màmá, èyí ò lẹ́nì kejì, kò gbọdọ̀ jókòó sẹ́yìn."

Ìwà yẹn náà ló gbé dé yunifásítì. Ọdún mọ́kàndínlógún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń sunkún, ọ́fíìsì rẹ̀ ló ń gbà lọ, ọ̀rọ̀ tí yóò sì kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ẹ jókòó ná." Wọ́n sọ ọ́ di Àǹtí Ẹ Jókòó. Òun alára ò jókòó. Olùkọ́ kan fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n gbé kíláàsì onítọ̀hún fún un. Òmíì tún lọ, wọ́n tún gbé tiẹ̀ fún un. Ẹni tó bá mọ ẹrù ú rù, àwọn ọ̀mọ̀wé ti rí i pé kò yẹ ká jẹ́ kí orí rẹ̀ ṣófo. Ni wọ́n bá tún fi í ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìlera.

Oṣù mẹ́rin ṣáájú ikú rẹ̀, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru jù, kó lọ sinmi oṣù méjì. Mo ní, "Gbọ́ tèmi, ilé ìwé yẹn ò ní wó."

Ó ní, "Màmá, mo ti kọ̀wé. Ó ku kí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i."

"Ìgbìmọ̀ wo?"

"Ìgbìmọ̀ ìlera."

"Tí ìwọ ń ṣe akọ̀wé wọn? Kí ló wá le ńbẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ibẹ̀ gan-an ló ti le, Màmá."

Bí òfin wọn ṣe rí rèé. Ìwé ìsinmi aláìsàn kankan ò ní kọjá àfi kí akọ̀wé kà á sókè níwájú ìgbìmọ̀. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Tó bá jẹ́ akọ̀wé gan-an ló ń ṣàìsàn, alága ló máa yan ẹlòmíì kó bá a kà á. Ojú ìwé kan péré ni o. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò tó ohun tí wọ́n ń kà lára páálí bísíkíìtì.

Nígbà tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ wá sílé, a bá ìwé ìpàdé wọn nínú báàgì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kà á fún mi. Ìpàdé àkọ́kọ́: alága ní ọ̀bẹ kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, wọ́n sún ọ̀rọ̀ akọ̀wé síwájú. Ìpàdé kejì: wọ́n fi wákàtí méjì jiyàn lórí àwọ̀ ẹ̀wù tí wọn ó fi rìn lọ́jọ́ ìrìn ìlera, ilẹ̀ ṣú, wọ́n sún un síwájú. Ìpàdé kẹta: èèyàn ò pé. Àwọn méjì ń ṣàìsàn. Wọ́n sún un síwájú.

Ọmọ náà gbé ìwé kalẹ̀. Mo ní kí ló dé tí o ò kà mọ́. Ó ní, "Ìyá àgbà, ọwọ́ màmá mi ni. Màmá mi ló kọ gbogbo ẹ̀."

Òun náà ni. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé wọ́n sún òun síwájú. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹni tó sọ ọ́, tó tún kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà mẹ́ta ńkọ́?

Ọjọ́ a bá kú là á dère. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, alága fúnra rẹ̀ wá sílé mi, ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ ka iwájú orí. Ó ní wọn ó ṣí yàrá ìsinmi kan fún àwọn olùkọ́, wọn ó fi orúkọ ọmọ mi pè é. Ó ní àwòrán rẹ̀ tí wọn ó gbé kọ́ síbẹ̀ lòun wá gbà. "Màmá, èyí tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni kẹ́ ẹ fún wa."

Mo ní, "Pròfẹ́sọ̀, ẹ ṣeun. Èèyàn mélòó ló wà ní ìpàdé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ pa òwe ọ̀bẹ?"

"Àwa méje ni, Màmá."

"Òótọ́ ni òwe yín. Ọ̀bẹ kan ò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àwọn mẹ́fà tó kù ńkọ́, ṣé ṣíbí ni wọ́n?"

Ó fa gíláàsì rẹ̀ wálẹ̀ sójú. Mo ní, "Ta ló ń ka ìwé àwọn aláìsàn báyìí?"

Ó ní, "A ò tíì yan akọ̀wé tuntun, Màmá. Wọ́n ṣì dúró."

"Mélòó ló dúró?"

"Mọ́kànlá."

Mọ́kànlá. Àtẹ̀gùn yẹn ṣì wà níbẹ̀, ìwé ìlera sì ṣì wà lára ògiri. Ìyá mélòó ni wọ́n fẹ́ wá gba àwòrán lọ́wọ́ rẹ̀?

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Kí wọ́n ka ìwé mọ́kànlá yẹn lọ́sẹ̀ yìí, kó tó di pé wọ́n ra àga kan sínú yàrá ìsinmi wọn. Lẹ́yìn náà, kí alága dìde nínú gbọ̀ngàn ńlá, níwájú àwọn olùkọ́ àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́, kó fẹnu ara rẹ̀ ka ìwé ìpàdé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó sì sọ ẹni tó ní kí wọ́n sún un síwájú lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kó má yan ẹlòmíì kó bá òun kà á o. Tèmi ò lófin yẹn.

Ọjọ́ tó bá kà á tán, kó wá gba àwòrán. Ara ògiri yàrá mi ló wà. Nínú gbogbo àwòrán ọmọ mi, inú ẹyọ yìí nìkan ló ti jókòó. Títí dìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni má wá gbé e dìde.