Ògógóró Lórí Kẹ̀kẹ́ Bàbá Mi

Títí di òní, bí òórùn ògógóró bá ta sí mi nímú, inú á kọ́kọ́ bí mi kí n tó rántí ohun tó fà á. Ìgàndó là ń gbé nígbà náà, kẹ̀kẹ́ ológeere ṣì pọ̀ ju ọ̀kadà lọ ládùúgbò wa. Mo ti kọ́ iṣẹ́ kíkun mọ́tò ní Ìyànà Ìpájà, ṣùgbọ́n férémù kẹ̀kẹ́ ni mò ń kùn, tí mo sì ń fi ẹ̀rọ dán ní fàráńdà ilé wa. Ẹ̀rọ ọ̀hún kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Dìríìlì àlòkù ni, mo fi awọ àgùntàn onírun sí i lẹ́nu. Bí iná bá ti dé báyìí, mo ti fò dìde. Ìyá mi ní ọkọ tí mo bá fẹ́ kò ní rí irú eré bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi.

Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kórìíra iṣẹ́ náà. Bí àlejò bá béèrè ohun tí mò ń ṣe, wọ́n á ní mo ṣì ń wáṣẹ́. Mo wá pinnu pé kẹ̀kẹ́ tiwọn gan-an ni màá fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Mo tú u palẹ̀, mo ha ìpẹtà rẹ̀, mo kùn ún ní àwọ̀ ewé, mo sì rọra ń fi ẹ̀rọ dán an, torí béèyàn bá tẹ̀ ẹ́ jù, ooru rẹ̀ á jẹ ọ̀dà kúrò ní oríkèé férémù. Nígbà tí mo parí, mo rí eyín ara mi nínú rẹ̀. Mo gọ̀ púpọ̀. Mo rò pé ẹni tó bá rí irú dídán yẹn kò tún lè pè mí ní ẹni tó ń wáṣẹ́ mọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo gbé e síwájú ilé kí bàbá mi lè bá a níbẹ̀ tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mo wọlé lọ mu omi. Kí n tó jáde, ọ̀rẹ́ wọn, bíríkìlà tó ń gbé ní òdìkejì títì, ti da ògógóró lé e láti orí dé ìdí.

"Kẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi di tuntun, a ò wá ní wẹ̀ ẹ́ ni?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dà yẹn ò tíì le dénú."

"Ìwọ ọmọ yìí, àdúrà lò ń dí mi lọ́wọ́ ẹ̀ yẹn o."

Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n fi nu ún. Ọtí ti jẹ ọ̀dà, ó sì tẹ̀lé fìlà. Èyí tó kù lára férémù wú, ó sì bó bí awọ ara tí omi gbígbóná dà sí.

Bàbá mi dé, wọ́n fi ìka kan ibi tó bó. Mo fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ìyá mi fojú sọ fún mi pé àgbà ló ṣe é, kí n má sọ ọ́.

"O gbìyànjú," ni bàbá mi wí, ní ohùn tí wọ́n fi máa ń bá ọmọ tó fìdí rẹmi sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mo ń ṣe àmín, mo ń wa eyín pọ̀. Mo bẹ bàbá mi lẹ́yìn náà pé kí n tún un kùn. Wọ́n ní kò pọn dandan, kẹ̀kẹ́ ṣáà ń rìn.

Bàbá mi àti ọ̀rẹ́ wọn ti kú báyìí. Mo ti dán mọ́tò àwọn olówó tí wọ́n ń dúró wo ara wọn nínú rẹ̀. Àwọn ará ilé ní kí n gbàgbé, pé ire ni bàbá bíríkìlà ń fẹ́. Mo mọ̀, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú, n kò rí ẹni bá jà. Bàbá mi gun kẹ̀kẹ́ yẹn títí wọ́n fi kú, wọn kò sì rí i rí bí mo ṣe dán an.