Igbá Tí Mo Gbé Mu

Nígbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ wolé-wolé dé Ìbàdàn, mo wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é. Nílé kan ní Ìsàlẹ̀ Òsì, mo bu omi kànga sí igbá méjì, tanwíjí ń jà nínú méjèèjì. Mo kán oògùn tí a fẹ́ dà sí kànga náà sí ọ̀kan. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tanwíjí inú rẹ̀ ti kú tán.

"Kì í ṣe èèyàn ní nǹkan," ni mo wí.

Ìyá àgbà ilé náà ní, "Ẹ mu díẹ̀ ká rí i."

Mo dọ́gbọ́n gbé igbá kejì tí n kò kán oògùn sí, mo dijú, mo gbé e mì tòun ti tanwíjí.

Ìyàwó ilé kan ní, "Ìyá, ààyè ni wolé-wolé ń gbé mì yìí o."

Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dé kànga wọn, wọn ò jẹ́ kí a da oògùn sí i. Bẹ́ẹ̀ ojú mi ni ọ̀gá mi ṣe mu oògùn yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà, nǹkan kan ò sì ṣe é. Títí dòní, n kì í gba ibẹ̀ lọ sí Ọjà'ba.