Eyín Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Méjì Tí Husseinat Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Yọ

Ó ti lé lógún ọdún tí Husseinat ti ń kọ́ àwọn abilékọ ní kéwú nínú ilé rẹ̀ lẹ́yìn Ọjà Tuntun. Ìyá Kéwú ni wọ́n ń pè é.

Eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì kan ló ń dà á láàmú. Tó bá ti jẹ ẹran, àfi kó há sáàárín wọn. Á ṣẹ́ ìgbálẹ̀, á fi tayín, ó parí. Ọdún méjì ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Èrìgì ibẹ̀ wú, àwọn eyín náà ń mì, ẹnu rẹ̀ ń rùn, òun gan-an sì mọ̀.

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, ó ti ìka bọ ẹnu kó lè ṣí ojú ewé Kùránì. Ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ lẹ̀ mọ́ etí ìwé.

"Ìyá Kéwú, ẹ̀jẹ̀ nìyí o!" Raudah, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ́, ló pariwo.

Husseinat pa Kùránì dé. "Ó tó gẹ́ẹ́," ló wí.

Hàrúnà, ọkọ rẹ̀, ní kí wọ́n kúkú yọ àwọn eyín náà. Husseinat gba ilé ìwòsàn eyín lọ. Favour, dókítà ibẹ̀, ya fọ́tò tó ń fi eegun inú ẹnu hàn, ó sì fi han Husseinat.

"Ẹ wò ó, mà. Oúnjẹ tó ń há síbẹ̀ ló ń jẹrà. Èrìgì wú, ó ṣí kúrò lára eyín, ó wá kan eegun tó di eyín mú. Eegun náà ń tán lọ sísàlẹ̀ bí ògiri amọ̀ tí àgbàrá ń fọ nídìí. Ìdí nìyẹn tí eyín fi ń mì."

"Ṣé eegun náà á tún hù?"

"Èyí tó ti lọ ti lọ, mà. Èyí tó kù la fẹ́ dì mú."

"Ẹ bá mi dì í mú. Mi ò yọ eyín kankan."

Dókítà ha ìdọ̀tí tó ti le bí òkúta lábẹ́ èrìgì, ó dí àlàfo tí ẹran ń há sí, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fa òwú tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín eyín.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, òwú ń pọ́n fún ẹ̀jẹ̀. Hàrúnà ní, "Fi í sílẹ̀ jàre!"

"Bàbá Azeezah, ẹ jẹ́ n ṣe é. Èrìgì tó ń ṣàìsàn ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Bí mo bá fi í sílẹ̀, á burú sí i."

Kò pa ọjọ́ kan jẹ, títí kan ìgbà ààwẹ̀. Nígbà tó pé oṣù mẹ́fà, wọ́n tún ya fọ́tò. Eegun náà dúró síbi tó wà. Eyín kan kò mì mọ́, èkejì ṣì ń mì díẹ̀.

"A ó máa ṣọ́ ọ," ni dókítà wí.

Lọ́sẹ̀ yẹn, Raudah jẹ́wọ́ pé èrìgì tòun náà ń ṣẹ̀jẹ̀ bóun bá fọ ẹnu.

"Ọ̀la la ń lọ sọ́dọ̀ dókítà," Husseinat dá a lóhùn. "Mi ò bi ẹ́ bóyá o fẹ́."