Ọjọ́ tí Bàbá Mi Fi Bàálù Lọ sí Kánò

Ọjọ́ tí bàbá mi wọ bàálù lọ sí Kánò kò lè kúrò lọ́kàn mi láé.

Àárọ̀ ló kúrò nílé wa ní Bẹẹrẹ. Ìrọ̀lẹ́ kò tíì lẹ́ tán tí wáyà rẹ̀ fi dé pé òun ti gúnlẹ̀. Ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, bá figbe ta:

"Ọmọ mi ti kú! Kánò tí ọkọ mi ń fi oṣù mẹ́ta ru obì rìn dé? Akúdàáyà ló dé ibẹ̀!"

Gbogbo agbo ilé bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi gbé àpò àlùbọ́sà wọlé. Gbogbo wa fọ́n ká. Ìyá Àgbà nìkan ló sún mọ́ ọn, ó sì já a léèékánná.

"Yéè! Ìyá mi!"

"Alààyè ni!"

Ló bá rọra yíjú sí Bàbá Àgbà.

"Bàbá Ràfíù, oṣù mẹ́ta lọ́nà Kánò! Níbo lẹ máa ń yà sí?"

Bàbá Àgbà gbé búútà, ó ní òun fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá. Bẹ́ẹ̀, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni.