Súfèé Tí Ìyá Fabián Gbọ́

Ojú ọjọ́ La Gomera, erékùṣù wa, kì í ṣe ẹyọ kan. Lókè, ìkùukùu ń kán sára igi bí aṣọ tí wọn ò fún; nísàlẹ̀ àfonífojì, níbi tí Ìyá Fabián ń gbé, oòrùn ń yan òkúta dúdú tí iná abẹ́ ilẹ̀ pọ̀ síta láyé àtijọ́. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, afẹ́fẹ́ tún gbé eruku aṣálẹ̀ Áfíríkà dé, ọyẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀ yìí gan-an, gbogbo ojú ọ̀run wá pupa rúsúrúsú.

Kò séèyàn ládùúgbò mọ́. Wọ́n ti kó lọ sétíkun, wọ́n ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fáwọn tó wá gbafẹ́. Fabián ní tiẹ̀ ti lọ sí Fẹnẹsúélà látìgbà tí irun ìyá ẹ̀ ṣì dúdú, kò sì ránṣẹ́ rí. Ó dá ìyá náà lóró, kí n má purọ́.

Àfi bí Ìyá ṣe gbọ́ súfèé lórí òkè, lápá ilé oúnjẹ àwọn àlejò. Lọ́dọ̀ wa, súfèé kì í ṣe eré. Ọ̀rọ̀ ni, òun la fi ń bára wa sọ̀rọ̀ láti òkè dé òkè. Ó gbọ́ ọ kedere: "Fabián ti dé o! Ẹ gbé ìkòkò kaná!"

Háà! Ìyá da ànàmọ́ sínú ọbẹ̀, ó dín iná kù, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, ó dorí kọ òkè. Eruku ń há a lọ́fun, orúnkún ń ro ó, kò sinmi.

Yeray tó ń gbé oúnjẹ nílé oúnjẹ náà ló rí i.

"Fabián dà?"

"Fabián wo, Màmá?"

"Ọmọ mi! Ṣebí ìwọ lo pè é!"

Yeray gbé àwo ọwọ́ ẹ̀ kalẹ̀. "Damián ni mo pè, Màmá. Àlejò yìí ló ní kí n fi súfèé pe orúkọ òun, kí n ní òun ti dé, kí wọ́n gbé ìkòkò kaná."

Fabián, Damián. Lẹ́nu, wọ́n yàtọ̀; nínú súfèé, ìbejì ni wọ́n. Àlejò náà dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́. Ìyá ṣì wo ojú ẹ̀ títí, bóyá.

Yeray ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láé."

"Òmùgọ̀! Ta ló ní kó o má ṣe é mọ́?" Ó fi ìborùn nu ojú. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ délé ná. Kó o wá tún un pè."